Àwo Ẹlẹ́rìí Tí Afínjú Ń Nù

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń nu yàrá kan ṣoṣo. Yàrá náà kò tóbi. Bí ènìyàn bá to bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin sínú rẹ̀, ó kún. Funfun ni ògiri, funfun ni àjà, funfun ni ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá láti òkè tọ̀sán tòru, ó ń gba ihò ilẹ̀ jáde. Yàrá funfun ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ní orúkọ gígùn kan fún un, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ká wọn lára, àwọn náà kì í rántí orúkọ gígùn.

Ẹ má pè é ní agbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Ìgbálẹ̀ kì í lé eruku lọ, ńṣe ló ń gbé e kiri. Nínù ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Kó tó wọlé, yóò ti wẹ̀ nílé. Kò ní fi ìpara, kò ní fi àtíkè, kò ní fi lọ́fínńdà. Bó bá dé ibi tí wọ́n ti ń múra, á wọ ìbọ̀sẹ̀ lórí ìbọ̀sẹ̀, fìlà lórí fìlà, ìbòmú, aṣọ funfun tó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ibọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn. Ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló ń ṣẹ́ kù. Nígbà náà ni á mú aṣọ ìnuǹkan kan, á rẹ ẹ́ sínú sípírítì, á ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin. Aṣọ tí a ṣẹ́ sí mẹ́rin, bí a bá ń yí i, ojú mẹ́jọ ló ní. Ojú kan, ìnù kan. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, láti ògiri ẹ̀yìn wá sí ẹnu ọ̀nà. Ibi tó bá ti nù, kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Bí ojú mẹ́jọ bá tán, aṣọ yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, á mú òmíràn.

Òfin kan ni wọ́n fún un lọ́jọ́ tó dé. Wọ́n lẹ téèpù búlúù yí àwọn nǹkan kan ká nínú yàrá náà. Ohun tó bá wà nínú ìlà búlúù, má fọwọ́ kàn án. Ohun tí kò bá sí nínú ìlà búlúù, nù ún. Kò sí àlàyé lórí rẹ̀, òun náà kò sì béèrè. Kò kàwé lọ títí. Ṣùgbọ́n ó mọ ìlà búlúù.

Ó sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò pa òfin mọ́. Ọkùnrin kan tó ń fọ gíláàsì jẹ bisikíìtì níbi tí wọ́n ti ń múra. Bisikíìtì kan péré. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Afínjú ni wọ́n ń pè é. Dẹ́rẹ́bà ilé iṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, lọ́jọ́ tó rí i tó ń fi áńkáṣíìfù nu ìjókòó mọ́tò kó tó jókòó. Dẹ́rẹ́bà ní, “Ìyá yìí, bí ẹ bá dé ọ̀run, ẹ ó kọ́kọ́ fọwọ́ ra orí ilẹ̀kùn wò ná, bóyá eruku wà níbẹ̀.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Inú rẹ̀ dùn sí i ju èyí tí bàbá rẹ̀ fún un lọ, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá náà, bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó ní irọ́ ni. Wọ́n ń wá ohun ẹlẹ́mìí tí kì í ṣe ti ayé wa yìí. Kì í ṣe ẹ̀dá olójú mẹ́ta o. Wọ́n ní bí ẹ̀mí bá wà níbòmíràn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé èyí tó kéré jù, tí ojú lásán kò lè rí, ni wọn yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Òkúta kan ló jábọ́ láti ojú sánmà sínú yìnyín níbi tó jìnnà. Dúdú bí èédú, kò ju ìkúùkù méjì lọ. Inú àpótí gíláàsì ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé e jáde sórí tábìlì, wọ́n á ha díẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n á da lẹ́búlẹ́bú náà sínú oúnjẹ tí kòkòrò àìfojúrí fẹ́ràn, wọ́n á máa ṣọ́ ọ bóyá nǹkan á hù.

Obìnrin kan ni olórí wọn. Dókítà ni wọ́n ń pè é lójú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Olókùúta. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń bi òkúta léèrè ọ̀rọ̀, òkúta kò dá a lóhùn. Òun nìkan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ló máa ń dúró kí Afínjú dáadáa. “Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?” Á dúró gbọ́ ìdáhùn pẹ̀lú.

Ọkọ Afínjú, Bàbá Ìbejì, ní ìsọ̀ bàtà kékeré lẹ́bàá ilé wọn. Bàtà ló ń tún ṣe, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ìròyìn iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni àwàdà rẹ̀. Lálaalẹ́ ló ń bi í léèrè àwọn ará ojú sánmà.

“Ṣé ẹ ti rí wọn lónìí?”

“A ò tíì rí wọn.”

“Bí ẹ bá rí wọn, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá omi ẹ̀rọ ń yọ lọ́dọ̀ tiwọn. Tiwa ò yọ láti àná.”

Afínjú náà máa ń rò ó, ní ìdákẹ́jẹ́, bó bá ń nu ògiri. Ohun tí wọ́n ń wá lójú sánmà ni òun ń lé kúrò nílẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn ọ̀mọ̀wé pé bóyá ayé nìkan ló ní ẹ̀mí. Òun mọ̀ pé bí òun bá fi kọ̀rọ̀ ilé sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀mí ti dé ibẹ̀, ó ti jókòó, ó ti bímọ. Ẹ̀mí kò lójútì. Ibi tí wọn ò pè é sí gan-an ló ń lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ lọ́hùn-ún? Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò bi í.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó gbọ́ ariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo nílé iṣẹ́ yẹn rí. Dókítà ló ń sáré bọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dì mọ́ Afínjú gbàgì.

“Mọ́mì! Ó hù!”

“Kí ló hù?”

“Nǹkan hù lára òkúta! Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ló hù!”

Afínjú ń wo bàtà tó wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó lọ mú un wá fún un. Ó ní, “Ẹ kú oríire, Dókítà. Ẹ wọ bàtà yín, ilẹ̀ tutù.”

Ní Ọjọ́rú, Dókítà pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí yàrá ìjẹun. Ó ní kí wọ́n má fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ọ̀mọ̀wé, akọ̀wé, dẹ́rẹ́bà, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó sọ fún wọn pé ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn oníròyìn ń bọ̀. Gbogbo ayé yóò gbọ́. Ó sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn gbọ́ yé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà nawọ́. “Dókítà, ẹ má bínú. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ara wa ló ti bọ́ sí i? Èmi yìí, bí mo bá sín báyìí, ẹni tó wà ní ẹnu géètì á nu ojú.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. “Ìbéèrè tó dáa jù lónìí nìyẹn,” ó ní. Ó fi àwòrán kan hàn wọ́n lára ògiri. Àwo irin kékeré kan ni, pẹlẹbẹ, kò ju ọmọrí ìgò lọ, ó ń dán.

“Ẹlẹ́rìí la ń pe èyí. Kò ní iṣẹ́ kankan. Orí tábìlì kan náà tí a ti ń ha òkúta ló wà, ó kàn jókòó síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ohunkóhun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá yẹn, tó lè bọ́ sára òkúta, á bọ́ sára òun náà. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé, a máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ní nǹkan lára, a mọ̀ pé inú yàrá wa ni nǹkan ti wá. Ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún rèé, a ò rí kiní kan lára rẹ̀. Òkúta ní nǹkan, ẹlẹ́rìí kò ní. Ibo wá ni nǹkan òkúta ti wá? Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa.”

Àtẹ́wọ́ sọ. Dókítà nawọ́ sí Afínjú. “Ẹ jẹ́ ká kí Mọ́mì. Bí yàrá yẹn kò bá mọ́, a ò lè fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí.” Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Dẹ́rẹ́bà ń lọgun, “Afínjú! Afínjú!”

Afínjú ń wo àwòrán ara ògiri. Ó mọ àwo yẹn. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ṣíbí ilé rẹ̀. Ní aago méje àárọ̀ gbogbo ọjọ́ Ajé, òun ni ó máa ń mú un, tó ń nu ojú rẹ̀, tó ń yí aṣọ, tó ń nu ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń dá a padà síbi tó ti mú un. Ó tilẹ̀ máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń bójú tó o. Ó ti rò pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni.

Ẹlẹ́rìí kò rí nǹkan kan sọ. Òun ló ń nu ẹnu rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò lọ sínú ilé. Ó jókòó sórí àpótí nínú ìsọ̀ ọkọ rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá Ìbejì gbé bàtà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Ta ló mọ̀?”

“Èmi mọ̀.”

“Mo ní ta ni ẹlòmíràn tó mọ̀?”

“Kò sí.”

“Dákẹ́ nígbà náà. Oṣù mẹ́ta ló kù kó o fẹ̀yìn tì. Wọ́n lé ẹni tó jẹ bisikíìtì. Ìwọ jẹ odindi ẹlẹ́rìí.”

Afínjú kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ìbejì tún ní, “Orúkọ rẹ ni mo ń rò. Afínjú lo jẹ́ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Ṣé ìmọ́tótó ni wọ́n máa fi lé ọ jáde? Wọ́n á ní o nu iṣẹ́ wọn nù. Àwọn ọ̀mọ̀wé pọ̀ tó nílé yẹn, jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn wá a. Bí irọ́ bá ni, yóò hàn lọ́jọ́ kan.”

“Ta ni yóò hàn sí?”

“Sí ayé.”

“Lẹ́yìn tí obìnrin yẹn bá ti dúró níwájú ayé tán.” Afínjú mú bàtà tó gbé kalẹ̀. Ó wo ìdí rẹ̀. “Bàbá Ìbejì, kí lẹ máa ń sọ nípa bàtà tí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, tí wọn ò rán?”

Ọkọ rẹ̀ gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí ìdí rẹ̀ sókè. “Ojú ọ̀nà ni yóò tú u.”

“Ẹsẹ̀ ta ni yóò sì wà nínú rẹ̀?”

Bàbá Ìbejì mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ń rán bàtà. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Afínjú kan ilẹ̀kùn Dókítà. Ìwé kún orí tábìlì rẹ̀. Aṣọ tuntun kan fi ara kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọn ò tíì yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá. Ó ń ka ohun tí yóò sọ lọ́la fún ara rẹ̀, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀.

“Mọ́mì, ẹ wọlé. Ẹ gbọ́ èyí wò, kí ẹ sọ fún mi bó bá le jù.”

“Dókítà, àwo yẹn, mo máa ń nù ún.”

“Àwo wo?”

“Ẹlẹ́rìí.”

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Rárá, Mọ́mì, tábìlì lẹ ń nù.”

Afínjú kò mọ bí wọ́n ṣe ń jiyàn pẹ̀lú ọ̀mọ̀wé. Ó wo orí tábìlì, ó rí àwo kékeré tí wọ́n gbé ife tíì lé. Ó gbé ife kúrò. Ó yọ áńkáṣíìfù rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin. Ó nu ojú àwo náà láti ọ̀nà jíjìn wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó yí áńkáṣíìfù, ó nu ẹ̀yìn. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an.

“Báyìí,” ó ní. “Aago méje, ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yin ń dé ní aago mẹ́wàá.”

Dókítà wo àwo náà. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò mú un.

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí àwo náà ti kúrò lórí pẹpẹ ara ògiri, tí wọ́n gbé e wá sórí tábìlì.”

“Ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún.” Ohùn rẹ̀ yí padà. “Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò béèrè? Ọdún mọ́kàndínlógún! Kí ló dé tí ẹ kàn ń nu nǹkan tí ẹ ò mọ̀?”

“Lórí pẹpẹ, ìlà búlúù wà yí i ká. Mi ò fọwọ́ kàn án rí. Lórí tábìlì, kò sí ìlà.”

Dókítà jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Afínjú dúró, ó ń dúró de “ẹ máa lọ.” Ó ti gbá kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ rẹ̀ mọ́ ọwọ́ kó lè dá a padà.

“Ta ló gbé e kúrò lórí pẹpẹ?” Afínjú ló béèrè. Kò fi ṣe ẹ̀gàn. Kò mọ̀ ni.

“Èmi ni.” Láti inú ọwọ́ ni Dókítà ti sọ ọ́. “Téèpù tán. Mo ní n ó lẹ òmíràn tí mo bá rà. Mo gbàgbé.”

Nígbà tó yá, Dókítà nu ojú, ó mú fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníròyìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn: “Ẹ má wá mọ́. Ó kù díẹ̀ kí ó dá wa lójú.” Afínjú kò mọ̀ bóyá kí òun jáde. Ó ṣa ìwé tó wà nílẹ̀, ó tò wọ́n, ó lọ.

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà, ẹni tó ju Dókítà lọ, fẹ́ lé Afínjú. Dókítà ní bí wọn yóò bá lé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kọ́kọ́ lé ẹni tó gbé àwo láìlẹ téèpù. Ọ̀gá àgbà gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá funfun lọ́wọ́ Afínjú. Wọ́n fún un ní àtẹ̀gùn láti máa gbá, àti ìgbálẹ̀ kan.

Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ìgbálẹ̀ mọ́. Ó ń gbá, eruku ń dìde, ó ń padà bà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn akọ̀wé ń kọjá, wọ́n ń kí i, wọn ò pè é ní Afínjú. “Ẹ káàárọ̀, mà.” Ìyẹn ló dùn ún jù.

Dẹ́rẹ́bà nìkan ló ṣì ń bá a ṣeré. “Afínjú, ẹ̀yin àti ìgbálẹ̀ ti parí ìjà nìyẹn?”

“Kọjá, kí n má gbá ìwọ náà mọ́ ọn.”

Ó kọjá. Ó tún padà, ó bá a gbé korobá sókè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi gbá àtẹ̀gùn. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, Dókítà to àwo ẹlẹ́rìí méje sínú yàrá funfun, ó fúnra rẹ̀ lẹ téèpù búlúù yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kẹrin, ó bá Afínjú lórí àtẹ̀gùn. Ó jókòó sórí ibi tí Afínjú kò tíì gbá, pẹ̀lú aṣọ dáadáa tó wọ̀.

“Ó wà lára márùn-ún nínú méje,” ó ní. “Èyí tó hù lára òkúta náà ni. Ọ̀kan náà ni wọ́n.”

Afínjú fi ara ti ògiri. “Nínú yàrá wa ló ti wá.”

“Nínú yàrá wa.”

“Òkúta wá ńkọ́?”

“Òkúta kò tíì sọ nǹkan kan.”

Àánú rẹ̀ ṣe Afínjú. Ọdún mọ́kànlá. “Ẹ má bínú, Dókítà.”

“Mọ́mì, ká ní ẹ ò sọ ọ́ ni. Ẹlòmíràn ì bá rí i lẹ́yìn ọdún kan, ojú mi ì bá sì ti wọlẹ̀ pátápátá.” Ó dìde. “Ẹ wá wo nǹkan.”

Ó mú un lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fojú sí, tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Afínjú ti ń nu ara ẹ̀rọ yẹn, kò fojú sí i rí. Ó tẹ̀ ba. Lákọ̀ọ́kọ́, ìpéǹpéjú ara rẹ̀ ló ń rí. Lẹ́yìn náà ó rí wọn. Róbótó-róbótó ni wọ́n, wọ́n fọ́n káàkiri bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já.

Dókítà ní, “A ti wá irú rẹ̀ nínú gbogbo ìwé, a ò rí i. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan. Sípírítì kì í pa á. Bí ẹ bá nù ún kúrò níhìn-ín, á lọ fara pamọ́ sọ́hùn-ún. Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń lé e, bó ṣe máa fara dà yín ló ń kọ́.”

Afínjú kò gbójú kúrò. Èyí ni òun ń bá jà láti ọjọ́ yìí wá, tí òun kò rí ojú rẹ̀. Kò tóbi. Kò burú lójú.

“Ìwọ nìyí,” ó ní fún un. “O kú ìforítì.”

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

“Ṣé ẹ ó ṣì máa wá ti òkè yẹn?” Afínjú bi í.

“A ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí èyí bá lè gbé inú yàrá tí ẹ ń nù, Mọ́mì, ta ló mọ ibi tí òmíràn ń gbé?” Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan láti inú àpò, ó fi lé e lọ́wọ́. “Aago méje lọ́la.”

Nígbà tó ń jáde, Dẹ́rẹ́bà wà ní ẹnu géètì. Ó ti gbọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó yọ áńkáṣíìfù ara rẹ̀, ó fi nu ìjókòó. “Afínjú, ẹ wọlé.” Afínjú wo ìjókòó náà. Ó tún un nù kó tó jókòó.

Bàbá Ìbejì ń palẹ̀ ìsọ̀ mọ́ nígbà tó dé.

“Ṣé ẹ ti rí wọn lónìí?”

“A ti rí wọn.”

Ọkọ rẹ̀ dúró sójú kan pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́.

“Inú yàrá mi ni wọ́n ń gbé,” Afínjú ní. “Ọjọ́ ti pẹ́.”

“Háà. Àyálégbé ni wọ́n, onílé ò sì mọ̀!”

Afínjú bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó jókòó. Bàbá Ìbejì ti se oúnjẹ, iyọ̀ sì pọ̀ jù níbẹ̀. Afínjú jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹyin díndín méjì, àti búrẹ́dì, àti tíì tí kò ní ṣúgà.